Aṣọ Pupa Lójú Fèrèsé

Obhur, Jẹ́dà,
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì, ọdún 2025.

Ìyá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà. Orúnkún ńkọ́? Etí ńkọ́? Bánkẹ́ àbúrò mi sọ fún mi pé nígbà tí mo pè lọ́sẹ̀ tó kọjá, "ó dáa, ó dáa" ni ẹ̀ ń wí sí gbogbo ohun tí mo sọ, ẹ ò sì gbọ́ ìkankan nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní a, b, d kí n tó dé ilé ìwé, ojú yín ṣì ń ríran. Ẹ jẹ́ ká máa kọ̀wé síra wa. Màá ya lẹ́tà mi sínú fóònù, màá fi ránṣẹ́ sí Bánkẹ́, òun á tẹ̀ ẹ́ jáde fún yín. Tiyín náà, kó máa yà á ránṣẹ́ sí mi.

Wọ́n ní orúkọ yín ti jáde láàárín àwọn tó ń bọ̀ wá ṣe Hájì lọ́dún yìí. Mò ń kó aṣọ Jawaher, ìyá àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, jáde nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ nígbà tí ìròyìn náà dé. Ńṣe ni mo jókòó sílẹ̀. Ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti wà ní ìlú yìí, àṣìṣe tí mo ṣe kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e kò ṣeé kà. Mi ò fẹ́ kí ẹ ṣe ọ̀kan nínú wọn.

Ẹ má bá ẹnikẹ́ni gbé ẹrù. Ì báà jẹ́ ìyàwó Lèmọ́mù ló ní kí ẹ bá òun mú kóńgò gààrí kan dé Mẹ́kà, ẹ sọ pé rárá. Ohun tí wọ́n bá bá nínú àpò yín, tiyín ni. Ẹ fi obì sílẹ̀, ẹ fi àgbo inú ìgò sílẹ̀. Oògùn ìrora kan wà tí wọ́n ń tà bíi gúgúrú nílé, ẹ̀wọ̀n ni níbí. Èyí tí dókítà bá kọ fún yín, kó wà nínú páálí rẹ̀, kí ìwé dókítà sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Gbogbo àpò yín ló máa jọra torí ìjọba ló ń pín in, aṣọ yín náà á jọra. Ẹ wá àjákù aṣọ pupa kan, pupa tó hàn dáadáa, kí ẹ so ó mọ́ ọwọ́ àpò. Òun lẹ ó fi mọ tiyín.

Ẹ má kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ pé èyí á le fún yín. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí Jawaher, ó fà mí lápá dìde, ó ní Ọlọ́run nìkan là ń wólẹ̀ fún, ojú tì mí títí. Ìdúró ni wọ́n ti ń kíra, wọn a sálámà, wọn a gbé ọwọ́ lé àyà. Ẹ má na ọwọ́ sí ọkùnrin.

Bí obìnrin ilẹ̀ yìí bá bu kọfí fún yín nínú ife kékeré tí kò ní ọwọ́, ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ fi gbà á. Bí ẹ bá mu ún tán tí ẹ dá ife padà bẹ́ẹ̀, á tún bu òmíràn, á tún bu òmíràn. Ńṣe ni kí ẹ mi ife náà díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, ìyẹn ni pé ó ti tó. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ife mẹ́sàn-án ni mo mu lọ́jọ́ kan, àyà mi ń lù kì-kì-kì.

Bàtà yín, inú náílọ́ọ̀nù ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kẹ́ ẹ mú un dání wọ mọ́ṣáláṣí. Ẹ máa mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ yín. Bí ẹnìkan bá sì sọ fún yín pé "búkrà, ìnṣáállà", ọ̀la lòun wí lóòótọ́, àmọ́ ẹ má dúró dè é. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ pé kò ní ṣeé ṣe láì dunni nìyẹn.

Ẹ bá mi kí Bánkẹ́ àti àwọn ọmọ rẹ̀.

Ọmọ yín,
Zuwairat.


Ìwó,
Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kejì.

Àmọ̀kẹ́ ọmọ Làmídì, arìnrìn-àjò tí kò mọ ọ̀nà ilé mọ́,

Mo rí ìwé rẹ. Ìkọ̀wé rẹ ṣì ń dagun sí ọ̀tún bíi tìgbà tí o wà ní kékeré, inú mi dùn sí i.

Mo mú un lọ sí Àsàlátù. Àwọn ìyá tí a jọ ń lọ pọ̀ níbẹ̀, bí ogójì. Mo kà á sókè fún wọn, wọ́n ní kí n tún un kà. Ẹni tó ń kọ́ wa ní ìrìn-àjò Hájì ti sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sọ ọ̀rọ̀ ife kọfí. Wọ́n ní ọmọ Hàlímọ̀tù ni ká máa gbọ́ tirẹ̀. Gbogbo ohun tí o bá wí ni wọ́n ń ṣe báyìí, wọ́n ti sọ ẹ́ di tíṣà wa. Èmi náà ń gbé ọrùn sókè kiri.

Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe Àsàlátù, èmi ni ìyá rẹ. Ojú ìwé méjì lo kọ kún. Mo wá gbólóhùn kan níbẹ̀ títí: "Ìyá mi, ibi báyìí ni màá ti dúró dè yín." Mi ò rí i. Kí ni mo fẹ́ fi ìmọ̀ràn ṣe nígbà tí mo ní ọmọ nílẹ̀ níbẹ̀? Ìwọ lo máa dì mí lọ́wọ́ mú yí Káábà ká. Ìwọ lo máa gba ife lọ́wọ́ mi, kí o bá mi mì í. Ò ń kọ́ mi ní ìlú bí ẹni tí kò ní sí nítòsí.

Àti pé, ìgbà wo ni tíṣà Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ ìyá akẹ́kọ̀ọ́ jáde nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ? Mo kàn ń béèrè ni.

Ìyá rẹ.


Obhur, Jẹ́dà,
Ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹta.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ààwẹ̀. Kí Ọlọ́run gbà á lẹ́nu wa.

Mo dúpẹ́ pé ọ̀rọ̀ mi wúlò fún àwọn ìyá. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn dára fún ìrìn lórí òkúta mábù. Kí wọ́n kọ orúkọ ilé tí wọ́n bá fi wọ́n wọ̀ ní Mẹ́kà sínú bébà, kí ó máa wà lára wọn, torí gbogbo ilé gíga ibẹ̀ ló jọra. Ẹni tó bá sọnù kó dúró lójú kan, kó má máa rìn kiri.

Ti aṣọ Jawaher, mo kàn ràn án lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà ni, ó rẹ̀ ẹ́. Ti ìpàdé wa, ẹ má ṣe ìyọnu. A ó rí ara wa, ìnṣáállà. Iṣẹ́ máa ń pọ̀ lásìkò Hájì, àmọ́ màá wo bí nǹkan bá ṣe rí.

Zuwairat yín.


Ìwó,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹta.

Zuwairat,

O rí i pé mi ò pè ẹ́ ní Àmọ̀kẹ́. Ìwọ fúnra rẹ lo kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ìnṣáállà sọ pé kò ní ṣeé ṣe. O wá jókòó, o fi kọ̀wé sí ìyá tó bí ẹ.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Sọ ọ́ fún mi. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni mí yìí. Etí kan ti lọ, èkejì ń palẹ̀ mọ́. Bí mi ò bá rí ẹ lọ́dún yìí, ọdún wo ni mo tún ń retí?

Hàlímọ̀tù.


Ìwó,
Ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin.

Ọmọ mi,

A ti ṣe ọdún ìtúnu ààwẹ̀, a ti jẹ ẹran rẹ̀ tán, lẹ́tà rẹ ò dé. Bánkẹ́ ní o rí ìwé mi kejì, pé fóònù ti fi hàn án. Ojoojúmọ́ ni mò ń bi í, ó ti ń sá fún mi báyìí.

Bí mo bá ti le jù, má bínú. Kọ̀wé. Kódà kí o kọ irọ́, ṣáà kọ ọ́.

Ìyá rẹ.


Obhur, Jẹ́dà,
Ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹrin.

Ìyá mi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí. Ẹ má kà á ní Àsàlátù.

Mi ò ní ìkámà. Ìkámà ni ìwé tí ìjọba ibí ń fún àlejò kó lè máa gbé níbí, kó sì máa ṣiṣẹ́. Físà Úmúrà tí mo fi wọlé lọ́dún 2014, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló wà fún. Nígbà tí àwọn tí a jọ wá ń padà sílé, èmi dúró. Mo rò pé ọdún kan ni màá lò. Mi ò kọ́ ọmọ kankan ní Gẹ̀ẹ́sì rí. Mò ń fọ aṣọ, mò ń nu ilẹ̀, mò ń se oúnjẹ nílé Jawaher. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ṣùgbọ́n òun náà ń bẹ̀rù, torí òfin ò gbà fún un láti gba ẹni bíi tèmi síṣẹ́, nítorí náà kì í fẹ́ kí n jáde.

Mẹ́kà ò ju wákàtí kan àti díẹ̀ lọ sí ibi tí mo wà. Mo lè fojú inú rí yín níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lásìkò Hájì, àwọn ọlọ́pàá máa ń dí ọ̀nà náà, wọ́n á máa béèrè ìwé lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀. Bí wọ́n bá mú mi, wọ́n á tẹ ìka mi, wọ́n á tì mí mọ́lé, wọ́n á dá mi padà sílé, mi ò sì ní lè tẹ ilẹ̀ yìí mọ́ fún ọdún gbọọrọ. Awakọ̀ tó gbé mi náà á jìyà. Nígbà tí Bàbá kú, mo ní iṣẹ́ ò fún mi láyè. Irọ́ ni. Bí mo bá jáde nígbà yẹn, mi ò ní lè wọlé padà, ẹ̀yin àti Bánkẹ́ sì ń jẹun láti ọwọ́ mi.

Ó ń ṣe mí bí ẹni tí kò sí. Ní Obhur yìí, èèyàn kì í fẹsẹ̀ rìn, mọ́tò ni gbogbo wọn ń wọ̀. Ògiri ló yí ilé kọ̀ọ̀kan ká. Òkun wà lẹ́yìn ògiri tiwa, mò ń gbọ́ ariwo rẹ̀, mi ò lè rí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lè kọjá kí n má sọ Yorùbá jáde lẹ́nu, mo máa ń bá ìkòkò tí mò ń fọ̀ sọ ọ́ kí ahọ́n mi má baà gbàgbé. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bí mo bá ń kọ ìmọ̀ràn sí yín, ńṣe ló ń dà bí ẹni pé mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, tí a jọ ń lọ. Ìdí tí mo fi kọ ọ́ gùn nìyẹn.

Ẹ foríjì mí.

Zuwairat.


Ìwó,
Ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún.

Àmọ̀kẹ́,

Ọjọ́ tí ìwé rẹ dé, mo ká a, mo fi sábẹ́ ìrọ̀rí, mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Bánkẹ́ rò pé etí kejì ti lọ.

Inú bí mi. Mi ò ní purọ́ fún ẹ. Nítorí Làmídì ni inú fi bí mi jù. Títí tó fi kú ló ń sọ fún àwọn èèyàn pé ọmọ òun ń kọ́ ọmọ Lárúbáwá ní Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn náà mo rántí pé ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ ọn lẹ́nu, ó fi kú pẹ̀lú ayọ̀, ìbínú náà sì rọlẹ̀.

Èmi ti mọ̀. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀, àmọ́ mo mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Àwòrán tí o ń fi ránṣẹ́ láti ọdún mọ́kànlá, ògiri kan náà ló máa ń wà lẹ́yìn rẹ. Ògiri funfun, páìpù kan lápá òsì. Èèyàn tó ń ṣiṣẹ́ tó dáa á ti lọ yàwòrán níbòmíràn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Gbọ́ èyí. Owó tí ò ń fi ránṣẹ́ sí mi lẹ́yìn ikú bàbá rẹ, mi ò jẹ ẹ́. Oko ni mò ń jẹ. Owó rẹ ni mo kó jọ tí mo fi san ti Hájì yìí. Kí Ọlọ́run má kà á sí mi lọ́rùn, ilé Rẹ̀ nìkan kọ́ ni mò ń bọ̀ wá wò. Ìwọ ni mò ń bọ̀ wá wò. Nítorí náà, má sunkún sí mi létí, mi ò kúkú gbọ́ràn. Wá bí a ṣe máa fojú kan ara wa.

Ìyá rẹ.


Obhur, Jẹ́dà,
Ọjọ́ kẹjọ oṣù karùn-ún.

Ìyá mi,

Mo ti rí ọ̀nà kan. Kò tó, àmọ́ òun ló wà.

Abdulateef, ọmọ Ìwó kan tó ń kọ́ òfin ẹ̀sìn ní yunifásítì ní Mẹ́kà, máa wá bá yín nílé tí wọ́n bá fi yín wọ̀. Ó ní ìkámà, kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Òun ló máa dì yín lọ́wọ́ mú yí Káábà ká dípò mi. Yóò máa ya lẹ́tà yín ránṣẹ́, yóò sì sọ ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ máa kúrò fún mi.

Lọ́jọ́ ìpadàbọ̀, bọ́ọ̀sì á kó yín láti Mẹ́kà wá sí pápákọ̀ òfurufú ti Jẹ́dà. Ibẹ̀ ò jìnnà sí Obhur. Mi ò lè wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ibì kan wà lẹ́bàá ọgbà onírin níta, níbi tí àwọn bọ́ọ̀sì ti ń yà sí ẹnu ọ̀nà àwọn alálàájì. Wọ́n máa ń rọra rìn níbẹ̀. Níbẹ̀ ni màá dúró sí. Ẹ jókòó lápá ọ̀tún, lójú fèrèsé. Ẹ tú aṣọ pupa yẹn kúrò lára àpò, kí ẹ gbé e mọ́ gíláàsì. Aṣọ yín á jọra, ìbòrí yín á jọra, ọdún mọ́kànlá sì ti kọjá. Aṣọ pupa yẹn ni màá máa wò.

Mi ò ní lè sún mọ́ bọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n màá rí yín, ẹ ó rí mi.

Zuwairat.


Utaybíyà, Mẹ́kà,
Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún.

Àmọ̀kẹ́ mi,

Mo ti rí Káábà. Ẹkún ni mo sun.

Abdulateef tìrẹ wá. Ó dúró gbọnran, ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó kí mi bí wọ́n ṣe ń kí níbí. Mo fẹ́ràn rẹ̀, inú mi ò sì dùn sí i, ọmọ Ìwó tí kò dọ̀bálẹ̀. Ó dì mí lọ́wọ́ mú yí po ẹ̀ẹ̀meje. Ọwọ́ rẹ̀ tóbi, ó gbóná. Ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ ni. Mo ti to àdúà sílẹ̀ láti ilé, ti Bánkẹ́, ti òkú, ti orúnkún. Nígbà tí a fi dé ìyípo kẹrin, mi ò rántí ìkankan mọ́, orúkọ rẹ ni mò ń pè títí tó fi parí.

Obìnrin Lárúbáwá kan bu kọfí fún wa nínú mọ́ṣáláṣí. Mo mu ún, mo mi ife. Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ kàn mí léjìká. Mo wẹ̀yìn, gbogbo àwọn ìyá Ìwó tó wà nínú ìlà ń mi ife tiwọn, àtẹni tó mu àtẹni tí wọn ò tíì bu fún.

Ohun gbogbo tí o sọ ló rí bẹ́ẹ̀. Ìlú yìí ò ṣe àjèjì sí mi, torí ìwọ lo kọ́ mi. Ìwọ nìkan ni mi ò rí nínú rẹ̀.

Ìyá rẹ.


Obhur, Jẹ́dà,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹfà.

Ìyá mi,

Ṣé ẹ délé láyọ̀? Bánkẹ́ ní ẹ délé, pé ẹ ò fẹ́ sọ̀rọ̀.

Mo sọ fún Jawaher pé eyín ń dùn mí. Mo wọ takisí, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni mo ti wà lẹ́bàá ọgbà onírin yẹn. Oòrùn mú. Mo fi àbáyà dúdú bo gbogbo ara, mo bo ojú, ó ku ẹyinjú, nítorí àwọn ọlọ́pàá. Bọ́ọ̀sì orílẹ̀-èdè mìíràn ń kọjá. Ní bí aago méjì, mo rí aṣọ ìpínlẹ̀ yín lókèèrè nínú bọ́ọ̀sì kan.

Bọ́ọ̀sì náà yà, ó rọra rìn. Mo wo ojú fèrèsé, mo rí aṣọ pupa. Mo na ọwọ́ sókè. Mo tún wo fèrèsé tó tẹ̀ lé e, aṣọ pupa. Fèrèsé tó tẹ̀ lé e, aṣọ pupa. Láti iwájú títí dé ẹ̀yìn, ìyá kan, aṣọ pupa kan, gbogbo wọn gbé e mọ́ gíláàsì, gbogbo wọn ń jù ú. Aṣọ kan náà, ìbòrí kan náà. Mo ń sáré ojú láti orí ọ̀kan dé orí èkejì. Mo pariwo "Ìyá mi" títí ohùn mi fi há. Lẹ́yìn náà ni mo rántí etí yín.

Ó yà wọlé. Mi ò mọ èwo ni yín. Ọlọ́pàá kan ń bọ̀ lápá ibi tí mo wà, mo yíjú, mo lọ.

Ta ló kó aṣọ pupa fún gbogbo wọn?

Zuwairat.


Ìwó,
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà.

Ọmọ mi, Àmọ̀kẹ́,

Èmi ni. Ẹnu mi ló fà á.

Ṣé o rántí pé mo ka ìwé rẹ àkọ́kọ́ ní Àsàlátù? Lọ́sẹ̀ náà ni gbogbo wọn ti lọ gba àjákù pupa lọ́dọ̀ aránṣọ kan náà, wọ́n so ó mọ́ àpò. Mo rí i, inú mi dùn pé wọ́n ń gbọ́ràn sí ọmọ mi lẹ́nu. Nígbà tí o ní kí n gbé tèmi mọ́ fèrèsé, mi ò rántí pé wọ́n ní irú rẹ̀. Nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n rí mi tí mò ń tú u. Wọ́n bi mí, mo sọ fún wọn. Mo ní ọmọ mi wà lẹ́bàá ọ̀nà. Wọn ò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Wọ́n ní àṣé tíṣà àwọn ni, pé ká jọ gbé e sókè kó lè tètè rí wa. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Mi ò lè bá ẹnikẹ́ni jà.

Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tí mi ò tíì sọ fún Bánkẹ́. Mo rí ẹ. Mo rí obìnrin kan lẹ́bàá irin, nínú aṣọ dúdú, ó tín-ín-rín, ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. Mo wò ó dáadáa. Mo ní, "Ìyá arúgbó wo ló ń kí wa báyìí?" Mo ju ọwọ́ sí i láti fi kí i, mo sì gbé ojú kúrò lára rẹ̀, torí ìwọ ni mò ń wá. Ìgbà tí bọ́ọ̀sì dúró ni mo tó mọ̀ pé ìwọ ni.

Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni mo fi sílẹ̀ kó lọ. Mi ò mọ ẹni tó dà.

O ti ń gba ife lọ́wọ́ wọn fún ọdún mọ́kànlá. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi pé bí èèyàn ò bá mì í, wọn ò ní yé bù ú. Ó tó gẹ́ẹ́, Àmọ̀kẹ́. Mi ife rẹ.

Ìyá rẹ.


Obhur, Jẹ́dà,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù keje.

Ìyá mi,

Ọ̀sẹ̀ méjì àti ààbọ̀ ni mo fi gbé ìwé yín kiri inú àpò aṣọ iṣẹ́.

Mo ti mì í. Mo sọ fún Jawaher láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú pé mo fẹ́ lọ sílé. Ó lọ gbé tíì wá, ó bù ú fún mi, òun náà jókòó. Kò jókòó tì mí rí. Abdulateef ti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Màá lọ fi ara mi lé àwọn ọlọ́pàá lọ́wọ́ níbi tí wọ́n ń pè ní táríhílì, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àwọn tí kò níwèé sí kí wọ́n tó fi wọ́n sínú ọkọ̀ òfurufú. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan, ó lè gba ọ̀pọ̀. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n ni mo fẹ́ lọ. Mi ò ní lè kọ̀wé láti ibẹ̀.

Ẹ̀rù ń bà mí, kì í ṣe ti àtìmọ́lé. Ti ilé ni. Mi ò mọ iye tí wọ́n ń ra búrẹ́dì. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kíra mọ́, ọwọ́ mi ti ń lọ sí àyà fúnra rẹ̀. Mò ń bọ̀ bí àlejò tí kò dé ibẹ̀ rí, lọ́wọ́ òfìfo. Kí ni màá sọ fún àwọn èèyàn?

Zuwairat.


Ìwó,
Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù keje.

Àmọ̀kẹ́ ọmọ Làmídì, àlejò mi,

Ó kàn mí báyìí láti kọ́ ẹ ní ìlú. Fara balẹ̀ kà á, kí o há a sórí, torí wọ́n lè gba fóònù lọ́wọ́ rẹ.

Bí o bá wọ mọ́tò dé Ìwó, má sọ fún awakọ̀ pé ilé Àjàmú lò ń lọ, àwọn awakọ̀ ìsinsìnyí ò mọ̀ ọ́n. Sọ pé ìsàlẹ̀ òpó fóònù. Wọ́n ti la títì kọjá níbi igi ọsàn wa, má wá igi náà. Kànga ti gbẹ, a ti dé e, má jókòó lé ìdérí rẹ̀. Búrẹ́dì ti wọ́n, gbogbo wa là ń pariwo, ìwọ náà á bá wa pariwo.

Ẹni tó bá bi ẹ́ pé kí lo mú bọ̀, sọ pé ìwọ fúnra rẹ lo mú bọ̀. Bó bá tún béèrè, kí o ní kó wá bá mi. Ẹnu mi ò tíì wúwo bí etí mi.

Àwọn ọmọ Bánkẹ́ ò ní sáré pàdé ẹ. Má jẹ́ kó dùn ẹ́, ẹni inú fóònù ni wọ́n mọ̀ ẹ́ sí. Fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan.

Bàbá rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yàrá, a ti fi sìmẹ́ńtì tẹ́ orí rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ dé. Sálámà sí i. Bó bá wù ẹ́, bá a sọ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀.

O ní kí n má kúnlẹ̀ níbẹ̀, mi ò sì kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Níbí, à ń kúnlẹ̀. Bí o bá dé iwájú mi, kúnlẹ̀ kí ọwọ́ mi lè tó orí rẹ, torí orúnkún mi ò jẹ́ kí n tètè dìde mọ́.

Mo ti so aṣọ pupa mọ́ fèrèsé iwájú ilé. Mo lọ bá àwọn ìyá Àsàlátù lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ so tirẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀kan ṣoṣo lo máa rí ní gbogbo àdúgbò.

Bí o bá rí i, má dúró kan ilẹ̀kùn. Mi ò ní gbọ́. Ṣáà wọlé.

Ìyá rẹ.